Àkúrẹ́ sí Toronto pẹ̀lú Màmá: bí a ṣe pààrọ̀ bàálù l'Ékòó àti ní Addis Ababa

Ọjọ́rú, Àkúrẹ́

Ìyàwó àbúrò mi bímọ ní Toronto. Màmá ń lọ wẹ ọmọ, èmi ni mo sì máa mú wọn lọ, nítorí pé wọn ò wọ bàálù rí láyé wọn. Àbúrò mi ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Toronto fún àwa méjèèjì. Ti Ethiopian ni: a ó wọ̀ ọ́ n'Íkẹjà, a ó bọ́ sílẹ̀ ní Addis Ababa, a ó wọ òmíràn níbẹ̀. Àkúrẹ́ sí Èkó ni wọ́n fi lé èmi lọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Àbúrò mi ní kí n ra ti àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kan náà tí a ń lọ. Ó ní bàálù Àkúrẹ́ ò lò tó wákàtí kan lójú ọ̀run, ti Addis sì di ọ̀sán kó tó gbéra. "Kí lẹ tún fẹ́ lọ sùn l'Ékòó fún?" Mo ra ti Ọjọ́bọ̀.

Ohun tí kò fẹ́ gbọ́ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá pẹ́, ọwọ́ ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ni ẹjọ́ wà. Àwọn ni yóò wá bàálù mìíràn fún ọ. Ṣùgbọ́n tí o bá ra ti abẹ́lé lọ́wọ́ ẹnì kan, tí o ra ti òkè òkun lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àwọn méjèèjì ò mọ ara wọn rí. Ti òkè òkun ò ní dúró torí pé ti Àkúrẹ́ pẹ́. Wọn yóò kàn kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ pé o ò yọjú, wọ́n sì sábà máa ń fagi lé ìyókù ìrìn náà pẹ̀lú. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹni méjì dé Kánádà kì í ṣe owó tí èèyàn ń fi ta tẹ́tẹ́.

Ẹrù náà ò bára mu. Kílò 20 ni tíkẹ́ẹ̀tì abẹ́lé wa gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti òkè òkun gbà báàgì méjì oníkílò 23 fún ẹnì kan. Bí a bá ní ká fi bàálù kó gbogbo ẹrù Màmá kúrò l'Ákùúrẹ́, owó àléékún yóò ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Nítorí náà èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, gààrí àti ọṣẹ dúdú ti bá dẹ́rẹ́bà kan tó ń ná Èkó lọ láti Ọjọ́ Ajé. Ó ti já a fún Àǹtí mi ní Pópó Àgùdà. Owó wébìlì ò tó nǹkan.

Ọjọ́bọ̀, Àkúrẹ́ sí Ìkẹjà, Ìkẹjà sí Ìsàlẹ̀ Èkó

A dé pápákọ̀ l'Ọ́bà-Ilé ní agogo méje nítorí bàálù agogo mẹ́sàn-án. Agogo mẹ́sàn-án lù, ojú ọ̀run mọ́ kedere, pápá ṣófo. Ojú ọ̀run kọ́ ló yẹ kéèyàn máa wò. Ọkọ̀ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ láti kùtùkùtù. Bó bá pẹ́ níbi tó ti kọ́kọ́ gbéra, ẹni tó jókòó l'Ákùúrẹ́ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní agogo mọ́kànlá. Wọ́n tún ní agogo kan. Lẹ́yìn ìyẹn wọn ò sọ nǹkan kan mọ́, obìnrin tó wà ní kántà kàn ń tẹ fóònù rẹ̀. Màmá tú mọ́ínmọ́ín tí wọ́n dì sílẹ̀, wọ́n na ọ̀kan sí ọkùnrin kan tó ti ń jágbe mọ́ gbogbo èèyàn láti àárọ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, òun náà ló lọ bá wa wá omi.

Ó kọjá agogo mẹ́ta kí a tó gbéra. Ká ní Ọjọ́ Ẹtì ni, bàálù Addis ti lọ. Mo ya fọ́tò bọ́dìn-páàsì mi pẹ̀lú aago ara ògiri, mo fi ránṣẹ́ sí Toronto. Àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni àbúrò mi fi fèsì.

MMA2 la balẹ̀ sí. Ẹni tó bá gbọ́ "pápákọ̀ Murtala Muhammed" lè rò pé abẹ́ òrùlé kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Irọ́ ni. Ilé àtijọ́ ti òkè òkun, èyí tí wọ́n ṣí ní 1979, tí wọ́n wo ti Schiphol ní Amsterdam kọ́, wà láyè ara rẹ̀. Ilé tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta 2022 wà nítòsí rẹ̀. MMA2 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, ti abẹ́lé, wà lápá ibòmíràn. GAT, tí àwọn ọkọ̀ abẹ́lé mìíràn ń lò, tún wà lọ́tọ̀. Kò sí ọ̀nà inú ilé kankan tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn gbà láti ti abẹ́lé bọ́ sí ti òkè òkun. Ó di kí o gba ẹrù rẹ, kí o jáde síta, kí o wá mọ́tò, kí o tún lọ tò sórí ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀. Báàgì ò ní dá rìn lọ bá ọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní Èkó lo ti máa pààrọ̀ bàálù, orúkọ ilé tí o máa balẹ̀ sí àti orúkọ èyí tí o ti máa gbéra ni kí o kọ́kọ́ béèrè.

Bí a ṣe ń jáde làwọn ọmọ ẹ́pọ́ọ̀tù ti rọ̀gbà yí wa ká. "Ìyá wa, ẹ káàbọ̀! Tákísí? Dọ́là ńkọ́?" Ọ̀kan ti di báàgì Màmá mú kí n tó rí i. Màmá ò pariwo. Wọ́n kàn wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbé e sílẹ̀, ẹni tó bí mi ń bọ̀ wá gbé e." Ó gbé e sílẹ̀, ẹ̀rín pa á. Mo ti fi fóònù pe mọ́tò kí a tó jáde, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lójú fóònù mi. Bí nọ́ńbà ò bá bára mu, a ò ní wọ̀ ọ́.

Gbogbo ẹni tí mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ló ní kí a sùn sí Mafolúkù tàbí Àjáò, nítòsí pápákọ̀, kí a má fi ẹsẹ̀ kan Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìmọ̀ràn tó dára ni fún ẹni tó ní bàálù alẹ́. Bàálù tiwa di ọ̀sán. Láàárọ̀, ọ̀pọ̀ èrò ń ti ìlú òkè lọ síbi iṣẹ́ l'Ísàlẹ̀ Èkó. Àwa máa kúrò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wọlé. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ń padà sílé. Àwa ń lọ. Èèyàn tó bá mọ ibi tí èrò ń wọ́ sí lè sùn síbi tó wù ú. Yàtọ̀ síyẹn, Màmá ò ní dé Èkó kí wọ́n má rí àbúrò wọn.

Awakọ̀ gba Òṣòdì, ó já sí Gbàgádà, ó gun Third Mainland l'Ọ́wọ́ròǹsókí. Kìlómítà 11.8 ni afárá náà, wọ́n ṣí i tán ní 1990. Lápá kejì, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó ti dì pa. Màmá wo ọ̀sà, wọ́n wo àwọn ilé Mákòókò tó dúró lórí igi láàárín omi, wọ́n ní ṣé bàálù náà á gba orí omi báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn Murtala fún awakọ̀: bí wọ́n ṣe yìnbọn pa ọ̀gágun náà nínú mọ́tò rẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ti dì l'Ékòó, ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1976, àti ibi tí àwọn fúnra wọn wà nígbà tí rédíò sọ ọ́. A bọ́ sí Adéníji Adélé kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, awakọ̀ sì ní kí wọ́n parí ẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.

Àǹtí ti gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀ dè wá, irú èyí tó ní ìkọ́ tí wọ́n fi ń gbé báàgì kọ́. Láyé ìgbà tí léèsì Ọ́síríà wà lóde, àwọn gan-an máa ń lọ rà á ní ìlú Lustenau l'Ọ́síríà: wọ́n á bọ́ sílẹ̀ ní Zurich, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin. Kò sí bí a ṣe ń di ẹrù tí wọn ò mọ̀. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lèyí nínú báàgì ọwọ́?"

"Òrí ni. Ọmọ ò ní gbẹ lára."

"Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín."

Màmá kọ̀. Wọ́n ní òrí kì í ṣe omi. Àǹtí fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ìka náà ra apá Màmá. "Ohun tó bá ṣeé fi para, omi lójú wọn." Bó ṣe rí nìyẹn: ohun tó bá jẹ́ omi, ìpara tàbí nǹkan rírọ̀, kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ nínú ike kan tí èèyàn bá máa gbé e wọ inú bàálù, igbá òrí Màmá sì tó ti ẹni mẹ́wàá. Ó lọ sínú báàgì ńlá, wọ́n fi ọ̀rá mẹ́ta wé e. Pawa báǹkì tèmi ló jáde kúrò nínú báàgì ńlá ní tirẹ̀, nítorí pé bátìrì irú ẹ̀ lè gbiná, ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà kí a fi gbé e. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá, gíláàsì ojú, ìpààrọ̀ aṣọ kan, ìró kan: báàgì ọwọ́. Ẹran gbígbẹ tí ẹnì kan ti dọ́gbọ́n fi há àárín gààrí: Àǹtí yọ ọ́, wọ́n ní Kánádà ò gbà á, àwọn máa jẹ ẹ́ l'Ékòó. Wọ́n ran àǹkárá pupa mọ́ etí báàgì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí n ya fọ́tò wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, Ìsàlẹ̀ Èkó sí Ìkẹjà, Ìkẹjà sí Addis Ababa

A kúrò ní Pópó Àgùdà ní agogo méje. Ó yá jù, gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá bàjẹ́ lórí afárá, ìṣirò yí padà, Ọjọ́ Ẹtì sì ni, nítòsí àkókò Jímọ̀ òpópónà ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Afárá dá páropáro. A débẹ̀ kí kántà tó ṣí.

Ẹnu ìlẹ̀kùn ni ìjà kejì ti ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ti ní kí wọ́n kọ wíìṣíà sí orúkọ Màmá. Wọ́n gbé e dé, ọmọkùnrin kan tó wọ kóòtù tó ń tàn ló tì í bọ̀. Màmá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ta ló ni èyí?"

"Tiyín ni, Màmá."

"Àkànkẹ́, ṣé mo yarọ ni? Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rin oko bàbá rẹ láti kùtù dé àṣálẹ́."

Mo ní mo mọ̀. Mo ní a ti sanwó rẹ̀, èyí tí kì í ṣe òótọ́, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe gbọ́ owó ni wọ́n jókòó.

Kì í ṣe nítorí ẹsẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Lójú tèmi, kò sí ohun tó dára tó o fún àgbàlagbà tó máa pààrọ̀ bàálù. Ẹni tó ń tì í mọ ọ̀nà, ó mọ géètì, ìlà ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ó tún wà nínú ìwé wọn pé ẹnì kan ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, nítorí náà wọn yóò máa retí rẹ̀ níbi tó ti máa sọ̀. Ìgbà tí a bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kí a ti béèrè fún un, kì í ṣe ìgbà tí a bá dé ẹnu kántà.

Wọ́n yẹ báàgì wò, wọ́n bi wá ní ohun tó wà nínú ẹ̀, wọ́n bi wá ta ló dì í. Wọ́n wo yẹ́lò káàdì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní tuntun nítorí pé tiyín ti pé ọdún mẹ́wàá: láti oṣù Keje 2016 ni abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ti di ti títí ayé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á ló gbọ́dọ̀ ka ọjọ́, nítorí pé ọjọ́ mẹ́wàá ni kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò.

Ní kántà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: "Títí dé ibo ni ẹ fi báàgì yìí ránṣẹ́?" Ọmọbìnrin náà yí táàgì sí mi. YYZ, ìyẹn Toronto, ló wà níbẹ̀ gàdàgbà, ADD, ìyẹn Addis, sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni pé báàgì náà á pààrọ̀ bàálù ní Addis láìjẹ́ pé a fọwọ́ kàn án, Toronto la ti máa rí i. Ká ní ADD nìkan ló kọ síbẹ̀ ni, mi ò ní kúrò níwájú rẹ̀. Ó fún wa ní bọ́dìn-páàsì méjì méjì, ti Addis àti ti Toronto. Bí o bá ti ní èkejì lọ́wọ́ láti Èkó, o ò ní kántà kankan í wá mọ́ níbi tí o ti ń pààrọ̀, géètì nìkan ló kù. Mo lẹ bébà táàgì kékeré mọ́ ẹ̀yìn pásípọ́ọ̀tù. Òun ni wọ́n máa béèrè bí báàgì bá sọnù. Àdéhùn Montreal ti 1999 fún èrò ní ọjọ́ méje láti kọ ẹ̀sùn bí báàgì bá bàjẹ́, àti ọjọ́ 21 lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ bó bá pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n inú pápákọ̀ náà ni kí o ti kọ́kọ́ fi tó wọn létí, kí o tó jáde.

Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún lójú ọ̀run. Màmá sun mẹ́rin nínú ẹ̀.

Addis fi wákàtí méjì ṣíwájú Èkó, nítorí náà alẹ́ ti lẹ́ nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Bole, pápákọ̀ Addis. Òtútù fẹ́ sí wa lójú. Ìlú náà ga ju mítà 2,300 lọ, kò jọ ooru Ìkẹjà rárá. Mo yọ ìró kúrò nínú báàgì ọwọ́, mo fi bo Màmá. Ẹnì kan ti dúró pẹ̀lú wíìṣíà àti bébà tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n mọ orúkọ mi níbí?"

Ẹni tó bá ń dá lọ, ohun tó yẹ kó mọ̀ kò pọ̀. Kó má tẹ̀ lé àwọn tó ń lọ síbi ìmígíréṣọ̀n, ìlú Addis làwọn yẹn ń wọ̀. Àmì àwọn tó ń pààrọ̀ bàálù ni kó tẹ̀ lé. Wọn yóò tún yẹ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, omi tó bá rà n'Íkẹjà yóò sì dalẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kó wo pátákó ńlá, kó má gbẹ́kẹ̀ lé géètì tí wọ́n kọ sí bọ́dìn-páàsì, torí pé géètì máa ń yí padà.

Wákàtí tó wà láàárín bàálù méjèèjì ò pọ̀, síbẹ̀ àyà mi ò já bó ṣe máa já ká ní Àkúrẹ́ sí Èkó ni. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ni. Yàtọ̀ síyẹn, bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn: ọkọ̀ láti apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ń balẹ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tó bá di òru, àwọn mìíràn ń gbéra lọ sí Éṣíà, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwọn ìyá oníṣòwò Ìdúmọ̀tà tí a jọ kúrò n'Íkẹjà yà sápá Guangzhou, báàgì ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Àwọn mìíràn yà sí ọ̀nà tiwọn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, mi ò gbọ́ Yorùbá mọ́ àfi lẹ́nu Màmá.

Ọmọkùnrin tó ń ti Màmá gbé wa sídìí géètì, ó ní òun ń padà bọ̀ ní agogo mẹ́ta. Ara mi bù máṣọ. Aago ọwọ́ mi ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀. Ó rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni àwọn ará Etiópíà ti ń ka wákàtí òru, nítorí náà mẹ́ta tiwọn ni mẹ́sàn-án tiwa. Ní tiyín, ló ní, mẹ́sàn-án ni mo ń wí. Ojú pátákó ò ní wàhálà yẹn, wákàtí tí gbogbo ayé ń lò ló wà níbẹ̀. Ó dé lóòótọ́, kò fi ìṣẹ́jú kan pẹ́. Wọ́n tún yẹ físà wò lẹ́nu géètì, wọ́n wo ojú, wọ́n wo fọ́tò, wọ́n kọ́kọ́ gbé àwọn oníwíìṣíà wọlé. Màmá ju ọwọ́ sí àwọn tó wà lórí ìlà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Toronto

Ọ̀nà Addis sí Toronto jìn, kò sí ìròyìn kan nínú rẹ̀. Màmá ò fẹ́ràn oúnjẹ wọn, wọ́n fẹ́ràn tíì.

Báàgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, àǹkárá pupa ni mo fi mọ̀ wọ́n láti òkèèrè. Mo ti sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà pé a gbé oúnjẹ dání. Ẹ sọ ọ́. Ẹni tó bá fi pamọ́ ni wọ́n ń bu owó ìtanràn fún, ẹni tó bá sọ, kò ju pé kí wọ́n gba ohun tí wọn ò fẹ́. Wọ́n ní kí a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òṣìṣẹ́ náà wọ ìbọ̀wọ́, ó tú ọ̀rá èlùbọ́, ó bù ú, ó ra á láàárín ìka, ó gbé e súnmọ́ imú. Ó bi mí ní ohun tó jẹ́. Mo ní iṣu gbígbẹ ni, tí wọ́n lọ̀.

"Kí ló ń wí?" Màmá bi mí.

"Ó ń bi wá ohun tí a fi ń ṣe."

"Sọ fún un pé àmàlà ni. Kó wá sílé lọ́la."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo ẹja, ó wo òrí, ó di gbogbo rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, ó ní kí a máa lọ.

Ní ẹnu ọ̀nà àbájáde, níbi tí àbúrò mi ti ń ju ọwọ́, ọmọkùnrin tó ń ti wíìṣíà dúró, ó ní ibi tí òun mọ nìyẹn. Màmá ò dìde. Wọ́n na ọwọ́ lu apá kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n ní kí n bi í bóyá wọ́n ń tà á.